Mọ́tò onílé tó ní balùwẹ̀ méjì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn kí bọ̀dá tó sanwó

Ọmọ Ọba-Ilé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí. Bọ̀dá mi tó ń gbé Houston fẹ́ ra ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò ńlá tí ilé wà nínú ẹ̀, tí bẹ́ẹ̀dì, kíṣíìnì, balùwẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV. Àlòkù ni wọ́n fẹ́ rà. Dádì àti mọ́mì ń lọ kí wọn lọ́dún tó ń bọ̀, mọ́tò yẹn ni wọ́n fẹ́ fi gbé wọn lọ sí Atlanta lọ rí àbúrò mọ́mì, ọ̀nà yẹn tó bíi 800 máìlì, wọ́n á sì máa dúró sùn lọ́nà.

Àwọn mẹ́fà ni wọ́n máa wà nínú ẹ̀, dádì àti mọ́mì, bọ̀dá àti ìyàwó wọn, pẹ̀lú ọmọ méjì. Dádì ti lé ní 75, ìtọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn fọnfọn lóru. Mọ́mì ní tiwọn, orúnkún ni. Mọ́tò méjì ni bọ̀dá ti rí: ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 31, balùwẹ̀ kan ló ní; èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà 37, wọ́n ní ó ní "bath and a half", owó ẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ìyàwó bọ̀dá ní àfi oníbalùwẹ̀ méjì, bọ̀dá ní kí ló dé tí èèyàn á máa da owó tó tó bẹ́ẹ̀ lé tọ́ílẹ́ẹ̀tì lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó tàbí tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, kí ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó sanwó?

Ẹkímọ̀gún Dallas:
Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò àwọn òbí wa o. Ọmọ Oǹdó ni mí, Dallas ni mo ń gbé, a sì ní irú ẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ la ohun kan yé yín torí ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. "Bath and a half" tí wọ́n ń sọ yẹn kì í ṣe balùwẹ̀ méjì pé pérépéré. Odindi kan máa wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ńlá, òun ló ní ṣáwà àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti sínkì. Ààbọ̀ tó kù máa wà láàárín mọ́tò, nítòsí kíṣíìnì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti sínkì kékeré nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, kò sí ibi ìwẹ̀. Torí náà tí ẹ bá ń rò ó pé èèyàn méjì á máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní ṣáwà méjì wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì fúnra wọn, àwọn ilé tí wọ́n máa ń fi mọ́tò mìíràn fà lẹ́yìn lẹ ti máa rí i, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe yàrá àwọn ọmọ sí.

Iṣẹ́ tí ààbọ̀ yẹn ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí àwọn tó sùn níwájú máa gba yàrá àwọn àgbà kọjá lóru. Tó bá jẹ́ balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, tó sì wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì ńlá, gbogbo ilé ló máa gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn lọ tọ̀. Ẹ bi bọ̀dá léèrè, nínú ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 31 yẹn, ibo gan-an ni balùwẹ̀ wà? Tó bá wà láàárín, tí yàrá wà lẹ́yìn ẹ̀, wàhálà ẹ̀ kéré.

Ohun kejì, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ni ògiri. Àwọn mọ́tò yìí ní ògiri tó máa ń yọ síta tí ẹ bá ti gúnlẹ̀ kí inú ilé lè fẹ̀, "slide" ni wọ́n ń pè é, tí ẹ bá fẹ́ rìn ẹ gbọ́dọ̀ fà á wọlé padà. Tó bá ti wọlé tán, àwọn mìíràn wà tí kọ́bọ́ọ̀dù kíṣíìnì tàbí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì máa dí ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ ń lọ lọ́nà, dádì ní ìtọ̀ ń gbọ̀n àwọn, ẹ yà síbi ìsinmi ẹ̀gbẹ́ títì, mọ́tò pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹ ò ráyè yọ ògiri síta, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹ rèé nílé, ẹ ò lè wọ̀ ọ́. Kí bọ̀dá ní kí ẹni tó ń tà á fa gbogbo ògiri wọlé lójú wọn, kí wọ́n wá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjèèjì, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Tó bá ní "ó máa gbà yín, ẹ má ṣèyọnu", kí wọ́n ní kó fà á wọlé náà ni.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká:
Bọ̀dá Ẹkímọ̀gún, ẹ ṣé gan-an. Èmi ò gbé inú mọ́tò yẹn rí o, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú, mo sì mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá dìde lọ tọ̀ nínú òkùnkùn ni wọ́n máa ń ṣubú jù. Ẹ má wulẹ̀ ka iye tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ ka iye ìṣísẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dádì dé ọ̀dọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì bèèrè bóyá ibì kan ga ju ibì kan lọ láàárín. Nínú àwọn fọ́tò tí mo wò, tọ́ílẹ́ẹ̀tì mìíràn wà lórí pèpéle, wọ́n gbé e sókè nítorí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, ṣáwà náà ní etí gíga tí èèyàn máa gbé ẹsẹ̀ kọjá kó tó bọ́ sínú ẹ̀. Orúnkún mọ́mì ńkọ́? Tí wọ́n bá ń wẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ibi tí wọ́n ti ń gun òkè sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó dé Atlanta ẹsẹ̀ á ti wú. Kí ẹ wo àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà mọ́tò pẹ̀lú, àwọn mìíràn ga, ìpele àkọ́kọ́ jìnnà sílẹ̀.

Kí bọ̀dá gbé tépù lọ, kí wọ́n wọn ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì wò ó bóyá ibi tí èèyàn lè di mú wà lára ògiri níbẹ̀. Iná kékeré tó máa ń tàn fúnra ẹ̀ tí èèyàn bá ń kọjá, kí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ ògiri, kò wọ́n. Ohun kan tún wà tí ẹ ò bèèrè ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: àwọn àgbà máa ń yẹra fún omi mímu tí wọ́n bá wà lọ́nà nítorí wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa tìtorí àwọn dá mọ́tò dúró, dádì yín náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì dáa fún wọn rárá nínú ooru Texas yẹn. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó kúrò ní Àkúrẹ́ pé ìdúró pọ̀ lọ́nà, kí wọ́n mumi wọn.

Òkè-Àrò:
Ṣé wọn ò lè máa lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn tí mọ́tò bá ń sáré ni? Ṣebí inú ilé ni wọ́n wà.

Ẹkímọ̀gún Dallas:
Rárá o, ẹ má gbìyànjú ẹ̀, pàápàá pẹ̀lú àgbà. Tí dírẹ́fà bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹni tó wà lórí ìdúró máa fò lọ bá gíláàsì. Kí gbogbo wọn jókòó kí wọ́n de bẹ́líìtì. Ó ṣeun tó o bèèrè torí ó rán mi létí nǹkan: tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn mẹ́jọ lè sùn nínú mọ́tò, ibùsùn ni wọ́n kà yẹn, kì í ṣe bẹ́líìtì. Kí bọ̀dá ka bẹ́líìtì fúnra wọn. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n, kí bẹ́líìtì mẹ́fà wà, kí ti dádì àti mọ́mì má sì jẹ́ èyí tó wà lórí àga tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí iwájú ọkọ̀, àga bẹ́ẹ̀ máa ń su àgbàlagbà lọ́nà jíjìn, ọrùn á máa dùn wọ́n.

Púlọ́ńbà Arákàlẹ̀:
Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ páìpù ni iṣẹ́ mi, ilé ni mò ń ṣe kì í ṣe mọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mo ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì pípọ̀ kọ́ ni ìṣòro, ibi tí ìgbẹ́ ń gbà lọ ni. Nílé a máa ń da páìpù sílẹ̀ kó lè ṣàn lọ sí sokawé. Nínú mọ́tò, táńkì wà lábẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì gan-an, èèyàn tẹ ẹsẹ̀ mọ́ nǹkan, ihò ṣí, ó já bọ́ sínú táńkì. Ó dáa, tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá di méjì, tí ọ̀kan wà láàárín tí ọ̀kan wà lẹ́yìn, báwo ni ti àárín ṣe ń dé ibi tí wọ́n ti ń da gbogbo ẹ̀ nù? Ọ̀nà méjì ni mo rí. Yálà wọ́n fún un ní táńkì tiẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ìdanù tiẹ̀, tàbí kí wọ́n lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀rọ tó máa lọ̀ ọ́ kúnná, tí pọ́ǹpù á sì tì í gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí táńkì ńlá lẹ́yìn.

Ìkíní, iṣẹ́ ìdanù di méjì, ẹ máa da tibí kí ẹ sún mọ́tò kí ẹ da tọ̀ún bí ẹnu méjèèjì bá jìnnà síra. Ìkejì, kò sí iná kò sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tí bátìrì mọ́tò bá kú, ẹ̀rọ ò lè lọ nǹkan kan, tí ẹnì kan bá sì ju pépà ìnujú aláwọ̀ líle tàbí páàdì sínú ẹ̀, ó ti dí nìyẹn. Èmi tí mo máa ń tú páìpù, ohun tí mo máa yàn fún dádì mi ni kí ó kéré tán jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ èyí tó ń já bọ́ tààrà láìsí iná. Kí bọ̀dá dùbúlẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, kí wọ́n ka iye ẹnu ìdanù, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè èwo ni ti èwo.

Ẹkímọ̀gún Dallas:
Ọ̀gá Púlọ́ńbà, ẹ gbà á. Bó ṣe rí gan-an lẹ sọ yẹn. Ti wa, èyí tó ń lọ̀ ọ́ ló wà láàárín, kò yọ wá lẹ́nu rí ṣùgbọ́n a máa ń kéde fún gbogbo àlejò kí wọ́n tó wọ mọ́tò pé pépà tó máa ń tètè yòrò nìkan ni kó wọ ibẹ̀.

Enjinníà Northgate:
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kún un, torí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu bà á. Lítà omi kan, kílò kan ni. Mọ́tò ńlá bẹ́ẹ̀ lè gbé omi gálọ́ọ̀nù 100, tí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà sì jẹ́ lítà 3.785, ìyẹn bíi kílò 380 omi nìkan, ká tó sọ ti omi ìdọ̀tí, èèyàn mẹ́fà, ẹrù mọ́mì, àpò gàrí àti ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n máa gbé lọ. Ìwé kan máa ń wà lẹ̀ mọ́ inú mọ́tò nítòsí ilẹ̀kùn tó ń sọ ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kí bọ̀dá ya fọ́tò ẹ̀ fún àwọn méjèèjì kí wọ́n fi wéra. Ẹ lè rí i pé èyí tó gùn, tó ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì àti kọ́bọ́ọ̀dù púpọ̀, ìwọ̀nba ẹrù tó ṣẹ́kù fún yín kéré sí ti kékeré, nítorí òun fúnra ẹ̀ ti wúwo.

Ẹ wo nọ́ńbà ìwọ̀n gbogbo mọ́tò náà pẹ̀lú. Ní Texas, tó bá kọjá 26,000 pọ́ùn, láísẹ́ẹ̀sì mọ́tò kékeré ò tó mọ́, wọ́n á gba Class B tí kì í ṣe ti òwò. Ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 37 lè wà ní bèbè ẹ̀. Tí àwọn míì nínú yín bá wà ní California, ti ibẹ̀ tún ní ìlànà tiẹ̀ lórí gígùn, tó bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ. Àti omi gbígbóná: bí táńkì omi gbígbóná bá jẹ́ ti gálọ́ọ̀nù 6 tàbí 10, ẹni kejì tó bá wọ ṣáwà lẹ́yìn ẹni tí kì í tètè jáde, omi tútù ló máa bá níbẹ̀. Kí wọ́n bèèrè bóyá irú èyí tó ń gbóná bó ṣe ń ṣàn ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè ní Calgary:
Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ o. Kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ háyà? Àwọn èèyàn máa ń fi tiwọn háyà fún ẹlòmíràn lórí ìkànnì Outdoorsy àti RVshare, kí wọ́n wá èyí tí balùwẹ̀ ẹ̀ rí bíi ti èyí tí wọ́n fẹ́ rà, kí bọ̀dá àti ìyàwó wọn kó àwọn ọmọ sínú ẹ̀ lọ sí San Antonio ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sùn níbẹ̀, kí wọ́n tọ̀ lóru, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n da ìdọ̀tí ẹ̀ nù fúnra wọn. Ìdanù yẹn ló máa fi hàn wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ táńkì kan tàbí méjì.

Wọ́n tún gbàgbé irú kẹta o! Irú kan wà tí wọ́n pín balùwẹ̀ kan sí méjì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú yàrá tiẹ̀ ní apá ọ̀tún, ṣáwà wà ní apá òsì, ọ̀nà wà láàárín. Ẹnì kan ń wẹ̀, ẹnì kan ń tọ̀, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan. Ẹ máa rí i nínú àwọn mọ́tò kúkúrú, kò sì mú táńkì ìgbẹ́ kejì wá. Níbi tí mo wà yìí, òtútù ló ń bà wá lẹ́rù, gbogbo páìpù tó bá wà nínú mọ́tò la gbọ́dọ̀ fa omi jáde nínú ẹ̀ kí yìnyín tó dé, balùwẹ̀ méjì iṣẹ́ méjì ni. Houston ò tutù bíi tiwa ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2021, páìpù bẹ́ káàkiri Texas.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká:
Àbúrò, irú kẹta yẹn dáa fún àwọn tí ara wọn le. Ṣùgbọ́n tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan náà ló ṣì jẹ́. Tí ọmọ bá wà níbẹ̀ nígbà tí ti dádì dé, dádì ò lè dúró dè é. Ẹni tó ti ń bá irú àìsàn yẹn yí mọ̀ pé kì í fún èèyàn láyè. Èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyàwó bọ̀dá lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n jẹ́ méjì tí agbára bá ká a.

Ọmọ Ìdànrè ní Calgary:
Ẹ jàre mà, mo gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀ yẹn. Ti àwọn tí kò sí àgbà láàárín wọn ni mò ń rò.

Òkè-Àrò:
Tí wọ́n bá lò ó tán, ṣé wọn ò lè kó o wá sílé, ká máa fi lọ Ìdànrè?

Enjinníà Northgate:
Ó ṣeé kó wá, ṣùgbọ́n kí lẹ máa fi ṣe? Iná ibẹ̀ jẹ́ fólítì 120, tiwa 230, àfi kí ẹ wá tìránsífọ́mà. Ẹ̀yìn mọ́tò yẹn gùn kọjá táyà, ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ máa há a lábẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni páìpù ìdanù wà. Níbẹ̀ àwọn ọgbà ìgúnlẹ̀ ní ihò tí wọ́n ṣe fún un, níbí ta ló máa gbà kí ẹ tú táńkì ìgbẹ́ sínú sokawé òun?

Ọmọ Ọba-Ilé:
Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo kó ránṣẹ́ sí bọ̀dá lórí WhatsApp, wọ́n sì lọ wo ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 37 yẹn pẹ̀lú tépù. Wọ́n ní kí ẹni tó ń tà á fa ògiri wọlé. Ó kọ́kọ́ ní bátìrì ò lágbára, bọ̀dá ní àwọn á dúró. Nígbà tó fà á wọlé tán, fíríìjì wá dúró sí iwájú ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì àárín, ilẹ̀kùn ò ṣí ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Fídíò ẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, ọwọ́ bọ̀dá nìkan ló wọlé. Ti ẹ̀yìn náà, àfi kí èèyàn gun orí bẹ́ẹ̀dì kọjá. Mọ́mì wo fídíò yẹn, wọ́n ní àwọn ò ní gun bẹ́ẹ̀dì lọ tọ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 31, balùwẹ̀ ẹ̀ wà láàárín, ó ṣeé wọ̀ tí ògiri bá wọlé, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì mẹ́rin péré ló ní. Wọ́n wá rí ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ bàtà 36, ààbọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ògiri ò ti ń yọ, bẹ́líìtì mẹ́fà, méjèèjì ń já bọ́ tààrà. Wọ́n fẹ́ lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí wọ́n tún wò níbẹ̀?

Ẹkímọ̀gún Dallas:
Ẹ dúpẹ́ pé wọ́n dúró ti ọ̀rọ̀ ògiri yẹn! Lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yíká tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjèèjì àti iwájú ṣáwà. Tó bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, omi ti wọ pákó, kí wọ́n máa lọ sílé. Kí wọ́n gbójú sókè nínú ṣáwà, gíláàsì oníke kan wà lórí òrùlé níbẹ̀ tó máa ń sán, ibẹ̀ ni òjò sábà máa ń gbà wọlé, kí wọ́n wo àmì omi lára sílíìnì. Kí wọ́n da omi sínú táńkì omi mímọ́, kí wọ́n tan pọ́ǹpù ẹ̀, kí wọ́n ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pa, tí pọ́ǹpù bá ṣì ń dún léraléra láìsí ẹni tó ṣí omi, páìpù ń jò níbì kan. Táyà ńkọ́, ẹ má wo ojú ẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí lẹ́tà DOT lára ẹ̀, tí ẹ bá rí 2317, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é, ó ti gbó, bó tiẹ̀ ń dán. Táyà mọ́tò bẹ́ẹ̀ wọ́n, kí wọ́n yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n máa san.

Ọmọ Ọba-Ilé:
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù, ti mọ́mì ni. Wọ́n ní tí táńkì ìgbẹ́ méjì bá wà lábẹ́ ibi tí àwọn ti ń jẹun tí àwọn ti ń sùn, ṣé kò ní máa rùn?

Púlọ́ńbà Arákàlẹ̀:
Ẹ bá mi kí mọ́mì. Kò ní rùn tí wọ́n bá ṣe nǹkan wọ̀nyí. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí ọgbà tó ní ihò ìdanù, kí wọ́n má fi ẹnu táńkì ìgbẹ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí, omi inú ẹ̀ á ṣàn lọ, èyí tó le á ṣẹ́kù, á gbẹ bíi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ìgbà yẹn ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tì í pa títí ó fi máa fẹ́ẹ̀ kún, kí wọ́n máa fi omi púpọ̀ ṣàn án, ọmọdé kì í fẹ́ tẹ omi tó, kí ẹnì kan máa ṣọ́ wọn. Ọjọ́ ìdanù, ti ìgbẹ́ ni kó ṣáájú, kí ti omi ìwẹ̀ tẹ̀ lé e kí ó lè ṣan ọ̀pá náà mọ́, kí wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́. Kí omi díẹ̀ máa wà nínú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, pàápàá èyí tí wọn kì í lò púpọ̀, omi yẹn ló ń dí afẹ́fẹ́ táńkì lọ́nà.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin obìnrin lẹ máa fẹ́ràn láti tan fáànù òkè balùwẹ̀ tí ẹ bá wọlé. Fáànù yẹn ń fa afẹ́fẹ́ lọ sókè, tí èèyàn bá tẹ ẹsẹ̀ kí ihò ṣí nígbà tí fáànù ṣì ń yí, inú táńkì ló máa fa òórùn jáde sí ojú yín. Kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀, kí omi lọ, kí ihò padé, lẹ́yìn náà kí wọ́n tan fáànù wọn.